Ọjọ́ Tí Màámi Já Yánrin Nínú Igbó Ìjọba

Òjò rọ̀ mọ́jú ní Tudun Wada. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, òórùn ilẹ̀ tutù ti gba gbogbo ojúlé wa. Ẹni tó bá gbé Kaduna rí mọ òórùn yẹn: eruku oṣù márùn-ún tí omi ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn. Mo ti wọ aṣọ ilé-ìwé mi tán kí Màámi tó dá iná, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mo sì ń gbàdúrà kí Màámi ṣàìsàn díẹ̀. Kì í ṣe àìsàn tó le o. Inú rírun lásán tí kò ní jẹ́ kó lè wọ mọ́tò ti tó.

Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà náà. Ilé-ìwé wa fẹ́ kó wa lọ wo òdòdó inú ìgbẹ́ àti omi tó ń já bọ́ láti orí àpáta, nínú igbó ìjọba kan tó jìnnà díẹ̀ sí ìlú. Wọ́n ní kí ìyá kan tẹ̀ lé kíláàsì wa. Màámi, tó ń ta ike àti abọ́ ní Kasuwan Barci, tí kì í ti ìsọ̀ rẹ̀ àfi ọjọ́ ọdún, òun ló kọ́kọ́ nawọ́ sókè. N kò mọ ohun tó wọ̀ ọ́ lórí. Ohun tí mo mọ̀ ni pé Bilki ni gbogbo kíláàsì ń pè mí, Bilki tó ń sọ Hausa bí ẹni tí wọ́n fi wẹ̀ ẹ́. Màámi á wá dé àárín wọn, á pè mí ní Àbẹ̀kẹ́, ohùn tó fi ń polówó ike ló sì máa fi pè é.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Ìyá Àgbà ná, ìyá tó bí bàbá mi. Ó ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá nítorí ojú tó ń dùn ún, ó sì ti lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́dọ̀ wa láìjẹun yó. Màámi se ọbẹ̀ kúkà, ìyá ní ó ń yọ̀ jù. Ó se zogale, ìyá ní òun ò mọ̀ pé ewé igi ni wọ́n ń jẹ níbí. Ó gún iyán, ó fi ọbẹ̀ ẹran tì í, ìyá bù ú lẹ́ẹ̀mejì péré, ó ní, "O ṣé o, ìyàwó, mo ti yó." Ká ní ó bú u ni, ìbá sàn fún Màámi. Kí ìyá ọkọ máa rù nínú ilé ẹni, kó tún gbé ọrùn tínrín náà padà lọ fi han gbogbo agbo ilé! Ohun kan ṣoṣo ni Ìyá Àgbà tọrọ: "Yánrin ni ẹnu mi ń fẹ́." Yánrin ni ewé kíkorò olómi funfun yẹn, tí wọ́n ń fi ẹ̀gúsí sè nílé. Màámi wá gbogbo Kasuwan Barci, kò rí i. Ẹlẹ́fọ̀ọ́ kan ki yakuwa bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó ní ewé ni ewé ń jẹ́.

Inú rírun náà ò dé. Màámi wọ bọ́ọ̀sì, ó jókòó síwájú, ó sì yíjú padà kí ọkọ̀ tó gbéra. "Àbẹ̀kẹ́! Aṣọ rẹ ti ká sókè lẹ́yìn!" Mo dá a lóhùn ní Hausa pé mo ti gbọ́, mo sì tẹjú mọ́ fèrèsé títí a fi dé.

Ẹwà igbó yẹn kò ṣeé fẹnu sọ. Iná ọ̀gbẹlẹ̀ ti jó o dúdú, òjò tó ti ṣáájú dé ibẹ̀ ní bí ọ̀sẹ̀ méjì sì ti lé òdòdó jáde láàárín eérú. Ọ̀kan wà tó pupa roboto, tó yọ láti inú ilẹ̀ láìní ewé kankan lára. Òmíràn funfun, òmíràn jẹ́ aláwọ̀ àlùkò, kò ju èékánná mi lọ. Àńtí Rifkatu, olùkọ́ wa, gbé fóònù rẹ̀ kékeré sókè, ó ń wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ó sì ń kìlọ̀ fún wa: ojú ni ká fi wò, pẹ́ńsùlù ni ká fi yà á, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ já nǹkan kan. Màámi ń bẹ̀rẹ̀ síbi òdòdó kọ̀ọ̀kan. "Ṣé wọ́n ń jẹ èyí?" Àńtí rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní rárá, Mama Bilki. "Èyí ńkọ́?" Nígbà tó di ìgbà karùn-ún, Àńtí ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Màámi wá yíjú sí mi. "Tí wọn ò bá jẹ ẹ́, kí ni wọ́n wá ń wò lára rẹ̀?"

A gbọ́ omi náà kí a tó rí i. Bí àwọn ọmọ ṣe gbọ́ ọ báyìí, wọ́n sá lọ, Àńtí sá tẹ̀ lé wọn. Èmi náà fẹ́ sá, àfi bí Màámi ṣe di ọwọ́ mi mú, tó dúró gbagidi. Ó ń wo ewé kan tó na ara rẹ̀ sílẹ̀, tó ní òdòdó yẹ́lò kékeré lórí. Ó já a, omi funfun jáde, ó fi kan ahọ́n.

"Yánrin! Ẹ gbà mí o, yánrin rèé!"

Ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ó tú ìborùn rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í já a tọwọ́ tẹsẹ̀. "Àbẹ̀kẹ́, wá bá mi já a!" Talatu àti Hannatu, ọmọ kíláàsì mi méjì, gbọ́ igbe, wọ́n sá padà wá wòran. Gáàdì igbó náà gbọ́ ọ pẹ̀lú. Ọkùnrin gíga ni, kóńdó wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Hajiya! Ba a tsinkar komai a nan!" Ó ní wọn kì í já nǹkankan níbẹ̀. Ó wo Màámi, ó wo èmi tí mo dúró tì í, ó sì bi mí bóyá ìyá mi nìyẹn.

Mo wo Talatu. Talatu náà wò mí.

"A'a," ni mo wí. "Ban san ta ba." Rárá, n kò mọ̀ ọ́n. Èmi tí mo gbé imú rẹ̀ wá sáyé bó ṣe rí gẹ́lẹ́!

Màámi wò mí lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí gáàdì, ó fi Hausa ọjà rẹ̀ dá a lóhùn pé, "Òótọ́ ló sọ. Èmi nìkan ni mo já a. Jẹ́ kí àwọn ọmọ máa lọ wo omi wọn." Gáàdì gbé ìborùn àti yánrin, ó sì mú un lọ sí àgọ́ rẹ̀ lẹ́nu géètì.

Mo lọ wo omi náà. Ó ń já láti òkè gíga, ó funfun, ó ń pariwo, ó sì ń ta sí wa lójú, gbogbo wa ń ké. N kò ní parọ́: mo gbàgbé Màámi fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Nígbà tí mo rántí rẹ̀, inú tí mo ń tọrọ fún un láàárọ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í run èmi gan-an. Mo rọra lọ sọ létí Àńtí pé gáàdì ti mú ìyá mi. Àńtí lọgun, "Wọ́n mú Mama Bilki?" Kò sẹ́ni tí kò gbọ́ ọ.

A sáré dé àgọ́. Mo rò pé ẹkún la máa bá. Màámi jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń mu omi, gáàdì sì di ikùn mú, ó ń rẹ́rìn-ín. Màámi ti ro ẹjọ́ Ìyá Àgbà fún un. Oúnjẹ ehoro ni wọ́n ka ewé yẹn sí lọ́dọ̀ wọn, ìyá ọkọ Hajiya wá ń kọ ẹran nítorí oúnjẹ ehoro! Gáàdì ní ìyá tòun náà kò jẹ ọbẹ̀ ìyàwó òun láti ìgbà ààwẹ̀, ẹjọ́ náà yé òun. Síbẹ̀, kò jẹ́ kí yánrin igbó ìjọba jáde. Ó dà á sẹ́yìn àgọ́, ó sì nawọ́ sí ẹ̀gbẹ́ oko àgbàdo rẹ̀ lẹ́yìn odi, níbi tí yánrin pọ̀ sí, tí òun ń ro dànù lọ́dọọdún. Gbogbo kíláàsì bá Màámi já a títí dẹ́rẹ́bà fi ń fun fèrè.

Ojú gáàdì bọ́ sí mi lára. Ó ní ṣebí èmi ni mo ní n kò mọ obìnrin yìí. Kí n tó lanu, Màámi ti dá a lóhùn: "Ó ti mọ̀ mí báyìí."

Nírọ̀lẹ́, Ìyá Àgbà jẹ iyán, ó fi yánrin ẹlẹ́gùúsí jẹ ẹ́, ó lá ọwọ́, ó ní kí wọ́n bu díẹ̀ sí i. Màámi dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ń wò ó, n kò tíì rí i kí inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Ìyá béèrè ẹni tó rí ewé náà. Màámi ní, "Èmi àti Àbẹ̀kẹ́ ni." Ni ìyá bá bẹ̀rẹ̀ àdúrà fún mi, àdúrà tó gùn. Àmín náà kò jáde dáadáa lẹ́nu mi.

Ó ti ju ogún ọdún lọ. Mo máa ń fi ìtàn yìí pa àwọn èèyàn lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo máa ń fo ibi tí mo ti ní n kò mọ̀ ọ́n. Ọdún tó kọjá ni mo tó bẹ Màámi, níbi tá a ti ń ṣa ẹ̀wà. Kò dáwọ́ dúró. Ó ní, "Mo mọ̀ pé ojú ń tì ọ́. Ojú ń ti èmi náà lọ́jọ́ yẹn, Àbẹ̀kẹ́. Ṣùgbọ́n ìyá bàbá rẹ ò tíì jẹun."

N kò mọ̀ rí pé ojú ń tì í. Ọmọ ọdún mẹ́wàá yẹn rò pé àwọn ìyá kì í ní irú ojú bẹ́ẹ̀ ni. Ní báyìí, mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọjọ́ orí tí Màámi wà nígbà náà, mo lọ́kọ, mo lọ́mọ. N kò sì lè fọwọ́ sọ̀yà pé mo lè kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ lójú àwọn ọmọ ọlọ́mọ, kí ojú máa tì mí, kí n sì máa já ewé lọ.