Bí Mo Ṣe Lọ Wo Bárékè Àtijọ́, Tí Mo Gbé Ọ̀dùnkún Bọ̀

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tí ìyàwó mi ti dúró sẹ́nu ọ̀nà fláàtì wa ní Tavy Bridge, ní London, tó ń yẹ àpò mi wò. Ó bá iṣu kan nínú ẹ̀, ó sì yọ ọ́.

"Daddy Tẹni, iṣu kẹ̀? Ṣé àwa la fẹ́ fẹ́yàwó ni? Àwọn ló yẹ kó gbé iṣu wá. Bárékè lẹ̀ ń lọ wò o!"

Òótọ́ ni. Ẹni tó bá bi mí, bárékè ni mò ń lọ wò, ní abúlé kan ní Wiltshire tí àwọn ṣójà gbé nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Àmọ́ ọ̀rọ̀ wà nínú ọ̀rọ̀. Tẹni, ọmọ wa tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, fẹ́ fẹ́ ọmọkùnrin òyìnbó kan tó ń jẹ́ Tọ́ọ̀mù. Ìyàwó mi ò kọ ọmọ náà, ṣùgbọ́n ó ti búra pé bí àwọn ẹbí ẹ̀ ò bá fi ẹnu ara wọn tọrọ ọmọ òun, kò sí ìgbéyàwó. Tọ́ọ̀mù ní ẹsẹ̀ ń dun bàbá òun, kò lè wá sí London, pé bàbá náà ló ń bójú tó bárékè àtijọ́ ibẹ̀, kí a wá wò ó. Ìyàwó mi ní òun ò ní í kiri ọmọ òun lọ sílé ọkọ bí ẹni ń kiri ẹ̀kọ. Bó ṣe di èmi ni wọ́n rán nìyẹn.

"Ẹ má sọ nǹkan kan o," ló fi sìn mí jáde. "Àwọn ni kó kọ́kọ́ la ẹnu."

Tẹni ló wa mọ́tò. A gba Nathan Way kọjá, níbi tí àwọn ọkọ̀ ẹrù ti ń jí, a bọ́ sí ọ̀nà márosẹ̀. A dúró níbi tí àwọn arìnrìn-àjò ti ń sinmi. Sávíìsì ni wọ́n ń pè é, mi ò sì rí pásítọ̀ kankan níbẹ̀. Tíì kan ṣoṣo, pọ́ùn mẹ́rin! Mo bi ọmọge tó tà á bóyá ẹran wà nínú ẹ̀.

Ọ̀nà abúlé wọn tóóró, igi há a lọ́tùn-ún lósì. Bí mọ́tò méjì bá pàdé, ọ̀kan á rọra fi ẹ̀yìn rìn, ìkejì á gbé ìka kan sókè láti dúpẹ́. Nílé wa, àwọn awakọ̀ yẹn á kọ́kọ́ bú ìyá ara wọn ná.

Bàbá Tọ́ọ̀mù, Mista Dẹ́rẹ́kì, wá pàdé wa tòun tọ̀pá, Tọ́ọ̀mù tẹ̀ lé e. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ó ga, irun ẹ̀ funfun báláú. Mo wọ agbádá funfun, mò ń wá pálọ̀ tí wọ́n máa fi mí jókòó sí. Bàtà rọ́bà gígùn ló nà sí mi.

"Ẹ wọ eléyìí, sà. Ẹrẹ̀ pọ̀."

Bí mo ṣe wọ bàtà rọ́bà sí agbádá nìyẹn, tí mò ń tẹ̀ lé e nínú pápá pẹ̀lú àwọn àlejò mìíràn, àwọn arúgbó tó fa ajá kéékèèké dání. Ó ń fi ọ̀pá tọ́ka sí sìmẹ́ńtì inú koríko. "Ibí ni wọ́n ti ń dáná. Ibí ni wọ́n ti ń wẹ̀." Nígbà tó yá, a dé ibì kan tí wọ́n ṣe ọgbà yí ká. Ihò ṣáláńgá àwọn ṣójà ni! Nílé wa, a ó ti wó gbogbo ẹ̀, a ó ti kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì síbẹ̀. Wọ́n pín oúnjẹ: búrẹ́dì tútù tí wọ́n fi kùkúmbà sí láàárín, kò sí ata, kò sí nǹkan kan. Inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi.

"Tẹni, ṣé bí wọ́n ṣe ń tọrọ ọmọ nìyí?"

"Daddy, please, ẹ ní sùúrù." Omi ti ń lé ròrò lójú ẹ̀, ẹ̀rù sì bà mí. Kí ni mo fẹ́ lọ sọ fún ìyá ẹ̀?

A wá dé ilé kan ṣoṣo tó kù, páànù tí wọ́n tẹ̀ kọrọdọ bí ìdajì àgbá. Bí Mista Dẹ́rẹ́kì ṣe wọlé, ohùn ẹ̀ yí padà.

"Nígbà tí àwọn ṣójà lọ, àwọn tí ò nílé lórí ló kó wọ ibí. Àwọn òbí mi wà lára wọn. Ẹ̀gbẹ́ sítóòfù yẹn ni ìyá mi bí mi sí. Nílé ìwé, wọ́n ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tí wọ́n fẹ́ wó o, èmi ni mo lọ bẹ̀ wọ́n." Ó yíjú sí mi. "Tọ́ọ̀mù ní ẹ̀yin máa ń mú àna yín wá sílé bàbá yín. Ilé bàbá mi rèé."

Orí mi wú. Èmi tí wọ́n bí sí yàrá kan ní Múṣin, tí a máa ń kó ẹní káàkiri bí òjò bá ń jò! Ìtìjú mú mi fún gbogbo ohun tí mo ti ń rò lọ́kàn.

Kí n tó sọ̀rọ̀, ó ti gbé ọ̀pá fún Tọ́ọ̀mù, ó sì ti nà gbalaja sílẹ̀, àyà ẹ̀ kan sìmẹ́ńtì.

"Sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún wa ní Tẹni."

Yéè! Ẹni tó fi ọ̀pọ̀ ọdún jù mí lọ! Mo pariwo, "Rárá o! Rárá!" Ó rò pé mo kọ̀ ni, ló bá tún lẹ̀ mọ́lẹ̀ sí i. "Mo bẹ̀ yín, sà!" Kí ni n bá ṣe? Èmi náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ẹ̀, tagbádá tibàtà rọ́bà. Àwọn àlejò rò pé bí àwọn ṣójà ṣe ń sá fún bọ́ǹbù la ń fi hàn wọ́n. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ìyá kan bi Tọ́ọ̀mù ìgbà tí a máa tún un ṣe.

Wàhálà ni dídìde. Ẹsẹ̀ ń dun tiẹ̀, ìbàdí ń dun èmi. Tẹni ló gbé wa dìde níkọ̀ọ̀kan bó ṣe ń gbé aláìsàn, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí a fẹ́ máa lọ, bàbá náà gbé àpò ọ̀dùnkún kan láti inú oko ẹ̀yìnkùlé ẹ̀ sí bùútù wa.

Tẹni já mi sílé nírọ̀lẹ́, ó kọjá sí yàrá tiẹ̀ ní Woolwich. Ìyàwó mi wo ẹrẹ̀ àyà agbádá mi.

"Ta ló tì yín ṣubú?"

"Bàbá Tọ́ọ̀mù dọ̀bálẹ̀ fún mi."

"Àgbàlagbà yẹn? Ẹ sì ń wò ó?"

"Èmi náà dọ̀bálẹ̀ fún un."

Ó káwọ́ lérí. "Ta ló wá tọrọ ọmọ lọ́wọ́ ta báyìí?"

Mo sọ ọ̀rọ̀ ilé páànù yẹn fún un, àti sítóòfù, àti yẹ̀yẹ́ tí wọ́n fi bàbá náà ṣe. Mo ní ibi tí mo pè ní àwókù, ilé bàbá ènìyàn ni. Ó tú àpò náà, ó to ọ̀dùnkún sórí tábìlì níkọ̀ọ̀kan, lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣu tó yọ lápò mi láàárọ̀. Ó wò wọ́n títí. Ó wá gbé fóònù.

"Tẹni, sọ fún bàbá ọkọ ẹ pé iṣu wọn ti dé. Ó kéré o. Àmọ́ a ti gbà á."