Ọjọ́ Tí Ìnagijẹ Mi Dé Bodè

Nígbà tí mo ṣì wà lọ́dọ̀ọ́ ní Ìlaròó, tí orúnkún mi kò tíì máa ro mí báyìí, kẹ̀kẹ́ ni mo fẹ́ fi jẹun. Ẹ̀yin ọmọ mi, kì í ṣe kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń kó gbágùúdá láti oko o. Kẹ̀kẹ́ eré-ìje ni, èyí tí ọwọ́ rẹ̀ tẹ̀ sísàlẹ̀ bí ìwo àgbò. Bí ẹ bá gùn ún, àyà yín fẹ́rẹ̀ẹ́ kan irin. Ìdí nìyẹn tí àdúgbò fi sọ mí ní Fàyàwọ́. Màmá mi ló fẹ́ràn ìnagijẹ náà jù.

Mo gba ipò kìíní ní Ayétòrò, mo gbà á ní Abẹ́òkúta. Ẹgbẹ́ kan ní Àjàṣẹ́, lódìkejì bodè lọ́hùn-ún nílẹ̀ Faransé, kọ lẹ́tà sí mi pé kí n wá sáré. Bí mo bá ṣe dáadáa, wọn yóò fi mí sára àwọn tí ń gbowó oṣù.

Àsìkò náà gan-an ni ìjọba ti bodè pa. Àwọn tó ń gba inú igbó kó ẹrù kọjá ni àwọn aṣọ́bodè ń lé kiri, ẹ sì mọ orúkọ tí à ń pè wọ́n.

Ní Ìdí-Ìrókò, ọ̀gá aṣọ́bodè ka lẹ́tà mi lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, "Ó dáa, máa lọ. Má pẹ́ lọ́hùn-ún o." Wọ́n gbé okùn tí wọ́n fi dí ọ̀nà sókè. Mo gun kẹ̀kẹ́, mo tẹ̀ mọ́lẹ̀. Màmá mi tó sìn mí débẹ̀ kò lè pa ayọ̀ mọ́ra.

"Fàyàwọ́! Fàyàwọ́ ọmọ mi! Sá lọ, wọn ò ní í lè mú ẹ!"

Wọ́n sọ okùn kalẹ̀ níwájú mi. Wọ́n fi ọ̀bẹ la táyà méjèèjì, wọ́n tú ìjókòó, wọ́n fi ayùn gé irin rẹ̀ wò bóyá nǹkan wà nínú ihò. Màmá kúnlẹ̀, ó ń ṣàlàyé, bó ṣe ń ṣàlàyé ni ọ̀rọ̀ ń burú sí i. Kí wọ́n tó gbà pé afẹ́fẹ́ lásán ni mo ń kó, eré-ìje ti parí.

Mo tún fi kẹ̀kẹ́ àyálò sáré fún ọdún méjì, ṣùgbọ́n lẹ́tà mìíràn kò dé. Ó rẹ̀ mí, mo fi í sílẹ̀.

Lónìí, tírélà sìmẹ́ńtì ló gba títì. Orí fóònù lẹ ti ń wo eré kẹ̀kẹ́. Mi ò bínú sí aṣọ́bodè mọ́, àárẹ̀ kò jẹ́ kí n bínú. Ohun tó dùn mí ni pé títí Màmá fi kú, kò tún fi ariwo yọ̀ fún mi mọ́. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi pàápàá, ọwọ́ ló fi bo ẹnu.