Faransé Tẹ́níìsì Tí Mo Kọ́ Bíi Kéwú

Lẹ́yìn tí a sin ẹ̀gbọ́n mi, ó kàn mí láti máa tẹ̀lé ọmọ rẹ̀ obìnrin lọ gbá tẹ́níìsì ní Kútọnu, kí n máa túmọ̀ Faransé adájọ́ fún un bí bàbá rẹ̀ ti ń ṣe. Ẹkún ò wá. Ẹ̀rù Faransé nìkan ni ara mi mọ̀, àgbà ojo.

Ìyá Àjàṣẹ́ kan tó gbọ́ Faransé, tó ń ta léèsì lọ́jà Balógun, kọ́ mi: báàlù ni bọ́ọ̀lù, fílẹ̀ ni àwọ̀n, fóòtù ni àṣìṣe. Mo ń ké e lọ́dẹ̀dẹ̀ wa ní Ẹnu Ọ̀wá, mo ń mì síwá sẹ́yìn bí ọmọ ilé kéwú.

Ìyàwó mi ní, “Àlàájì, wọn ò ní fi Faransé bi yín léèrè ní sàréè o.”

Ní Kútọnu, ọmọ náà gbá bọ́ọ̀lù, adájọ́ ní “fóòtù”, ọmọ wojú mi. Ohun tí a kọ́ bíi kéwú, láti ìbẹ̀rẹ̀ la ti ń kà á. Mo bẹ̀rẹ̀ láti báàlù; mo ṣì wà ní fílẹ̀ nígbà tó yíjú padà.

Nígbà tí à ń padà bọ̀ wálé, mo ní, “Àṣìṣe ni.”

Ó ní, “Mo mọ̀, sà. Ibi tí Dádì máa ń jókòó sí ni mo kàn ń wò.”

Mo ń bá kíkà mi lọ: báàlù, fílẹ̀, fóòtù.