Rárá Tí Abọ́dúndé Fi Pamọ́

Ẹni tó bá rí Abọ́dúndé nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ní Mushin á pè é ní onísùúrù. Onísùúrù ni lóòótọ́, àmọ́ sùúrù ológbò tó lúgọ de eku ni. Bàbá kan náà ló bí wa, ìyá ló yàtọ̀, mo mọ̀ ọ́n dáadáa.

Nígbà tí Moyọ̀sọ́lá, ọmọ rẹ̀, tó ọjọ́ orí iléèwé, ó mú un lọ sí iléèwé aládàáni tó háyà ilé bàbá wa ní Mushin. Ọmọ náà ń tiro, ọ̀pá ló fi ń rìn. Ó ka gbogbo ohun tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀, tíṣà ń pàtẹ́wọ́. Àfìgbà tó dìde, tí Ìyáàfin Ọládèjì tó ni iléèwé rí ọ̀pá. Ó ní àwọn òbí tó kù á pariwo, wọ́n á kó ọmọ wọn kúrò.

“Ẹ gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń gba irú wọn.”

Irú wọn, kẹ̀! Ọmọ tó ń kàwé bí ẹni mumi.

Kò mọ̀ pé ọmọ onílé ló ń lé, torí Bùọ̀dá Láyí, àgbà wa, nìkan ló mọ̀ nínú ẹbí wa. Mo ní kí Abọ́dúndé sọ fún un. Ó ní bí wọ́n bá gba ọmọ òun nítorí ilé, ilé ni wọ́n gbà, kì í ṣe ọmọ. Ó wá iléèwé míì fún un ní Iganmu, ọ̀nà jíjìn. Bí ọmọ bá dé nírọ̀lẹ́, á máa sunkún ẹsẹ̀, ìyá á máa fi omi gbóná tẹ̀ ẹ́.

Àdéhùn ilé tí Ìyáàfin Ọládèjì háyà wá parí lọ́dún yìí. Ìyàwó mẹ́ta ni bàbá wa fẹ́, ìdí igi mẹ́ta la sì jẹ́. Bí ìdí igi kan bá kọ̀, a kì í gbé ilé fún ẹnikẹ́ni. Abọ́dúndé nìkan ni ìyá rẹ̀ bí, òun nìkan ni odidi ìdí igi kan.

Ìyáàfin Ọládèjì wá bẹ ẹbí nípàdé, kí wọ́n tún gbé ilé fún òun. Kò tilẹ̀ dá Abọ́dúndé mọ̀. Ẹni tó ṣu lè gbàgbé, ẹni tó kó o ò ní gbàgbé. Ìdí igi méjì gbà. Nígbà tó kan Abọ́dúndé, ó pe Moyọ̀sọ́lá wọlé, ọ̀pá ń dún kò, kò. Ìyáàfin wo ọ̀pá, ó wo ìyá, ó kúnlẹ̀. Ó ní òun á gba ọmọ náà lọ́fẹ̀ẹ́. Inú mi dùn, n ò ní purọ́.

Abọ́dúndé ní ìdí igi tòun ò gbà.

“Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni kí n kó àwọn ọmọ wọ̀nyí lọ?”

“Ẹ kó wọn lọ síbi tí ẹ ní kí n gbé tèmi lọ.”

Bùọ̀dá Láyí bẹ̀ ẹ́ títí, ó kọ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń kó àga iléèwé jáde, ó gba ọ̀kan lọ́wọ́ alágbàárù, ó gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé bàbá wa, ó ní kí Moyọ̀sọ́lá jókòó, kó sinmi ẹsẹ̀.