Ọ̀rẹ́ Mi Gba Ìsìláàmù, Mi Ò sì Kọ̀ Ọ́

Lọ́dún tí ogun abẹ́lé parí, ọ̀rẹ́ mi wá bá mi lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ilé ìwé ti lọ tán, ó ní òun ti gba Ìsìláàmù. Tíṣà ni àwa méjèèjì ní ilé ìwé ìjọ Àgùdà ní Ìdèrè. A jọ ṣe ìrìbọmi, a sì jọ ń kọrin ní Mísà. Mo rò pé ọkùnrin ló fà á.

"Ta ni ọkọ náà?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Kò sí ọkọ kankan. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ wàásù wọn lọ́dọ̀ ẹbí ìyá mi ní Igangan. Ibẹ̀ ni ọkàn mi wà."

Ó dùn mí wọra. Mo bá a jiyàn títí dé ẹnu ọ̀nà ilé wọn, mo sì sunkún lọ sílé.

Nígbà tó di ọjọ́ Ìsinmi, katikísì wa kéde pé ẹni tó bá ṣì ń bá apẹ̀yìndà jẹun, òun náà ti di apẹ̀yìndà. Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi. Bí a ṣe jáde, ilé ọ̀rẹ́ mi ni mo gbà lọ tààrà. Ojúde, níbi tí gbogbo ará ṣọ́ọ̀ṣì ń gbà kọjá, la ti jẹ ọkà. Wọ́n yọ mí kúrò nínú ẹgbẹ́ akọrin. Mo ní kò burú, mo ṣì ń lọ sí Mísà, mo sì ń kọrin láti orí bẹ́ǹṣì mi.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, sòbìyà yọ sí mi lẹ́sẹ̀, ó sì dá mi dùbúlẹ̀. Àwọn ará ìjọ wá, wọ́n gbàdúrà, wọ́n lọ. Ọ̀rẹ́ mi ló ń fi omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ wẹ ẹsẹ̀ náà lójoojúmọ́, tó ń fi igi tín-ín-rín ká aràn náà jáde díẹ̀díẹ̀ kó má baà já sínú. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ń kírun lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi nígbà tí katikísì wọlé.

"Ṣé ilé onígbàgbọ́ nìyí?"

"Òun ni, Bàbá. Ẹ jókòó, ẹ jẹ́ kó parí àdúrà rẹ̀."

"Sọ fún un kó jáde!"

"Mi ò ní sọ ọ́. Òun ló ń wẹ egbò tó ń rùn yìí. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ kó lọ, omi rèé, àkísà rèé, ẹ wá wẹ̀ ẹ́."

Ó yí padà, ó lọ. Nígbà tí ọ̀rẹ́ mi kírun tán, ó ní, "Ó jọ pé ìwọ náà ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa."

"Láéláé! Àgùdà ni wọ́n bí mi, Àgùdà ni n ó kú."

A rẹ́rìn-ín títí ẹsẹ̀ fi ń ro mí.

Nígbà tó yá, ó relé ọkọ ní Èrúwà. Lọ́jọ́ yìgì, iwájú ni mo jókòó sí, mo fi àgbélébùú kọ́rùn. Ààfáà kan bi mí pé ìgbà wo ni èmi náà máa gba Ìsìláàmù. Mo ní, "Ẹ máa so yìgì yín lọ, Bàbá. Ọ̀rẹ́ ni mo wá bá yọ̀."