Túwó Àgbàdo fún Màmá Àdìjá

Màmá Àdìjá bu òkèlè. Ó fi àtàǹpàkò yí i díẹ̀díẹ̀ lórí ìka. Àtàǹpàkò dúró. Kókó kan wà níbẹ̀, funfun, kò tó ẹyọ ẹ̀wà kan. Ó yọ ọ́, ó gbé e sí etí àwo, lẹ́gbẹ̀ẹ́ mẹ́rin mìíràn. Ó ti ìyókù bọ inú ọbẹ̀ ilá, ó gbé e mì, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ó dùn, ọmọ mi. Mo ti yó."

Òkèlè méjì péré.

Munirat, ìyàwó ọmọ rẹ̀, gbé àwo kúrò. Ọjọ́ kẹta rèé. Láti ìgbà tí ibà ti fi ìyá náà sílẹ̀, ẹnu rẹ̀ kò gba nǹkan kan. Ìrẹsì, rárá. Ẹ̀bà, rárá. Ohun kan ṣoṣo ló fẹnu ara rẹ̀ béèrè: túwó àgbàdo, irú èyí tí òun àti olóògbé ọkọ òun máa ń jẹ nígbà tí ìyẹn ń ta àgbò ní ọjà àwọn Hausa ní Alaba Rago.

Làtífù, ọkọ Munirat, ti sọ tirẹ̀ láàárọ̀.

"Bí Màmá ò bá jẹun gidi títí di Sátidé, mo máa gbé wọn padà sí Ìsẹ́yìn."

"Ta ló wà ní Ìsẹ́yìn tó máa se oúnjẹ fún wọn?"

Làtífù mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, ó jáde.

Munirat kò fẹ́ kí ìyá náà lọ. Nígbà tí Munirat bí ìbejì, ó ku ọdún méjì kó parí ẹ̀kọ́ olùkọ́. Ìyá yìí ló di ẹrù wá bá wọn ní Ajangbadi. Ó pọn Táyé, ó gbé Kẹ́hìndé lọ́wọ́. "Lọ sí kíláàsì rẹ. Ọmọ ò wúwo lẹ́yìn mi." Ọdún méjì gbáko. Kò fi ṣe ìrègún rí. Kí ni èèyàn fi ń san irú oore bẹ́ẹ̀? Munirat kò mọ̀. Ṣùgbọ́n túwó, ó kéré tán, ó yẹ kó lè rò ó.

Lọ́jọ́ kejì, bó ti ti ilé ìwé tó ti ń kọ́ni dé, ó tún gbé omi kaná. Omi hó. Ó da ìyẹ̀fun gbígbẹ sí i, ó ki orógùn bọ̀ ọ́, bí ìyá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ láti ro àmàlà. Kókó. Kókó gbogbo.

Rebecca, aládùúgbò wọn, ọmọ Ẹ̀gùn láti Àgbádárìgì, yọjú sí kíṣìnnì.

"Ìyá Ìbejì! Kí ni ìkòkò ṣe tí o fi ń nà án?"

"Àǹtí Rebecca, ẹ gbà mí. Túwó yìí fẹ́ dójú tì mí."

Rebecca wo inú ìkòkò. Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin ará Ọ̀yọ́! Gbogbo ìyẹ̀fun ni èlùbọ́ lójú yín. Gbé ìkòkò mìíràn wá."

Ó fi omi tútù po ìyẹ̀fun díẹ̀. Ó dà á sínú omi híhó, ó ń rò ó títí ó fi ki bí ẹ̀kọ mímu. Ó jẹ́ kó hó dáadáa. Ìgbà náà ló tó bu ìyẹ̀fun gbígbẹ sí i, ẹ̀kúnwọ́ kan, ó rò ó, ẹ̀kúnwọ́ kejì, ó rò ó. Ó wọ́n omi lé e. Ó dé ìkòkò.

"Ó ti ki, Àǹtí. Ẹ jẹ́ ká sọ̀ ọ́."

"Ta ló ń lé ọ? Àgbàdo kì í ṣe iṣu. Inú ẹ̀ ò tíì jinná. Iná kékeré."

Wọ́n dúró. Òórùn àgbàdo gba kíṣìnnì.

Màmá Àdìjá bu òkèlè nínú túwó náà, ó tún bu òmíràn. Ó jẹ ẹ́ tán. Ó gbójú sókè.

"Munirat, ó kù?"

"Ó kù, mà."

"Ọmọ mi, ti àná yẹn, àgbò pàápàá á kọ̀ ọ́."

Munirat rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Kí ló wá dé tí ẹ fi ń sọ pé ó dùn, mà?"

"O ti ibi iṣẹ́ dé, ó rẹ̀ ọ́, o tún wọ kíṣìnnì nítorí mi. Kí ni kí n sọ? Mo dúpẹ́ ni."

"Ẹ má sunkún sínú ọbẹ̀ o," ni Rebecca wí. "Iyọ̀ ẹ̀ ti tó."

Màmá Àdìjá kò padà sí Ìsẹ́yìn. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń jẹ túwó àgbàdo nílé náà báyìí. Èyí tó bá ṣẹ́kù, Munirat ń gé e pẹlẹbẹ láàárọ̀, ó ń fi òróró díẹ̀ dín in fún àwọn ìbejì kí wọ́n tó lọ sílé ìwé.