Ẹni tó ń jẹ sàráà Bàbá Sójà

Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó yáa rẹ́rìn-ín rẹ̀ tán báyìí, nítorí n kò ní dá ọ̀rọ̀ dúró dè é. Ìtàn ni mo kà ní yunifásítì. Iṣẹ́ wa ni kí á máa sọ fún àwọn alààyè pé ohun tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu bàbá wọn kò rí bẹ́ẹ̀. N kì í ṣe ẹni tí òkú yẹ kó máa bẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ojú mi ló rí i, ní ọ̀sán gangan, ní Savalou, n kò mutí, ibà kò sì ṣe mí.

Báàjì ogun àwọn Jámánì ni mo máa ń yẹ̀ wò. Mo mọ bó ṣe ń dún létí. Àwọn bàbá wa tí Faransé kó lọ jagun kò mú nǹkan púpọ̀ bọ̀. Wọ́n mú ikọ́ bọ̀, wọ́n mú irin wẹ́wẹ́ tí wọ́n já lára aṣọ ọ̀tá bọ̀. Àwọn ọlọ́lá Kútọnu ń ra irin wọ̀nyí lóde òní, wọ́n ń gbé e kọ́ sí yàrá àlejò, kí àlejò lè rò pé wọ́n ń kàwé. Wọn kì í béèrè ogun wo ni. Wọ́n kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ojúlówó ni.

Ayédèrú pọ̀, lóòótọ́. Àwọn kan á rọ ọ́ tuntun, wọ́n á rì í mọ́ àkìtàn títí yóò fi dípẹtà, wọ́n á sì ní bàbá àwọn ló já a láyà ọ̀gágun. Ìyẹn kò yọ mí lẹ́nu. Èyí tó wúwo jù, tí ẹ̀yìn rẹ̀ rí hágahàga, ayédèrú ni. Ojúlówó máa ń fúyẹ́, inú rẹ̀ á jìn bíi ṣíbí. Ohun tó ń yọ mí lẹ́nu ni eérú. Ẹ gbà mí gbọ́, kò sí ìdílé kan láti Savalou dé Bobè tí kì í fi eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́ bó ìtàn kúrò lára irin kí wọ́n tó gbé e wá bá mi, wọ́n á sì máa retí kí n yìn wọ́n.

Bẹ́ẹ̀ ni Màmá Ràfíà àti àbúrò rẹ̀, Alájì, ṣe wọlé láti Bantè. Aṣọ ni màmá yìí ń tà. Alájì ń tẹ fóònù. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù fotokópì ẹ̀gbọ́n mi ni tábìlì mi wà.

"O kúu ṣẹ́, pùròfẹ́sọ̀," ni Màmá Ràfíà wí.

Mo ní n kì í ṣe pùròfẹ́sọ̀.

"Ẹni tó ń wo irin kékeré láti àárọ̀ dalẹ́, bí kì í bá ṣe pùròfẹ́sọ̀, a jẹ́ pé ara rẹ̀ ni kò yá."

Ó tú etí ìró rẹ̀, ó gbé báàjì kan síwájú mi. Ó ń dán bí ṣíbí ìyàwó. "Mẹ́dáì Bàbá mi rèé. Bàbá Sójà. Faransé ló fi dá a lọ́lá."

Alájì kò gbójú sókè. "Bíríkìlà ti ń po sìmẹ́ńtì. Orí sàréè Bàbá la fẹ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ní Jímọ̀ tó ń bọ̀. Mo ti pe àwọn èèyàn ńlá."

"Ìbátan wa kan ló ń sọ káàkiri pé ayédèrú ni," ni Màmá Ràfíà wí. "Ó ní Bàbá kò jagun kankan, pé ọ̀dùnkún ló ń bó fún àwọn sójà ní Dákà. Láti kékeré ni wọ́n ti ń pè mí ní ọmọ ọlọ́dùnkún. Wò ó fún mi, kí n lè pa ẹnu yẹn dé."

Mo gbé e sọ́wọ́. Ó fúyẹ́. Akoto sójà wà lórí rẹ̀, idà méjì dábùú ara wọn lẹ́yìn akoto náà, àgbélébùú ẹlẹ́sẹ̀ títẹ̀ tí ìjọba Jámánì ń lò nígbà ogun àgbáyé kejì wà ní iwájú akoto. Ojúlówó ni, ṣùgbọ́n Faransé kọ́ ló ṣe é. Báàjì tí àwọn Jámánì máa ń fún ọmọ ogun wọn tí ìbọn bá bà ni.

Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n fi fọ̀ ọ́ báyìí.

"Eérú ni. Lọ́dọọdún. Ṣé nínú ìdọ̀tí ni kí Bàbá ti jẹun?"

Màmá Ràfíà wá ṣàlàyé fún mi. Ní ọjọ́ sàráà, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan oúnjẹ, wọ́n á gbé báàjì sórí aṣọ funfun nínú yàrá, wọ́n á gbé àkàsà àti ọbẹ̀ sí iwájú rẹ̀, wọ́n á pè é pé, "Bàbá Sójà, wá jẹun." Lẹ́yìn náà wọ́n á ro ẹjọ́ wọn fún un. Mo bi í bóyá lèmọ́ọ̀mù mọ̀ sí i.

"Ó mọ̀. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń pẹ́ dé." Ó fọwọ́ kan báàjì náà. "Ó máa ń dáhùn. Ṣé o rí Ràfíà ọmọ mi? Mo ti sọ̀rètí nù kí n tó bí i. Iwájú irin yìí ni mo ti sunkún."

Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Sójà Jámánì tí àwọn ọ̀gá rẹ̀ kọ́ pé àwa kì í ṣe èèyàn tó pé, òun ni a ti ń gbé àkàsà fún láti ìgbà ogun. Mo fẹ́ ráyè ronú bí màá ṣe sọ ọ́. Mo ní kí wọ́n lọ wo iṣu lọ́jà, kí n yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa.

Wọn kò tíì jìnnà tí iná fi lọ. Ẹ̀rọ fotokópì dákẹ́. Nígbà tí mo gbójú sókè, ẹnìkan ti jókòó síwájú mi.

Òyìnbó ni, ọ̀dọ́mọkùnrin. Mo rò pé ọ̀kan nínú àwọn tó máa ń wá gbẹ́ kànga láti lè ya fọ́tò rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀wù onírun tó nípọn ló wọ̀, ó dí gbogbo bọ́tìnì rẹ̀ nínú ooru yẹn, kò sì làágùn. Ihò abẹ́rẹ́ méjì wà ní àyà ẹ̀wù náà, níbi tí báàjì máa ń wà. Epo pupa wà ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀.

"Má sọ fún wọn," ló wí.

Ohùn rẹ̀ kò ju èémí lọ. Èdè Bantè ló fi sọ ọ́, bí ẹni tí wọ́n bí sí Bobè. Ó sì ń sọ "ìwọ" sí mi, èmi tí irun mi ti ń funfun. Ẹni tí wọ́n bá ti ń pè ní Bàbá fún ìgbà pípẹ́, ó jọ pé kì í rántí pé ọmọdé lòun mọ́.

Ó yé mi pé òun ló ni irin náà. Ṣùgbọ́n ìwé tí mo kà kò jẹ́ kí n sá. Mo bi í pé ilé iṣẹ́ wo ló rọ báàjì náà.

"Kí ni mo mọ̀? Mo ń sùn ní ilé ìwòsàn nígbà tí wọ́n fi í sí mi láyà."

Ṣé ẹ rí i? Olówó nǹkan fúnra rẹ̀ kò wúlò fún ìwádìí.

"Orúkọ ẹlòmíràn ni wọ́n fi ń pè ọ́," ni mo wí.

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n níbòmíràn, kò sí ẹni tó ń pè mí rárá."

"Ràfíà ńkọ́?"

Ó wolẹ̀. "Ìyá rẹ̀ sunkún gan-an. Mo bá a sunkún. Lẹ́yìn náà ọmọ dé. N kò mọ̀ bóyá èmi ni."

Mo wá béèrè ohun tí kò yẹ kí n béèrè. "Bàbá Sójà fúnra rẹ̀ dà?"

Ó fi àgbọ̀n tọ́ka sí ilẹ̀kùn. "Ó wà níta. Ìta ló máa ń wà. Kò sí ohun ìní rẹ̀ nílẹ̀ tó lè bá wọlé. Ẹnu ọ̀nà ló máa ń dúró sí títí mo fi máa ń jẹun tán."

Mo yíjú. Oòrùn ni mo rí, àti ọlọ́kadà kan tó ń sùn lórí alùpùpù rẹ̀. Agbo ewúrẹ́ kan ń bọ̀ lójú ọ̀nà. Nígbà tí wọ́n dé iwájú ilẹ̀kùn mi, wọ́n pín sí méjì, wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ kọjá, bí ìgbà tí wọ́n bá ń yà fún ẹni tó dúró. Kò sí ẹni tó dúró níbẹ̀.

Nígbà tí mo padà yíjú, àga ti ṣófo. Iná dé.

Ẹ gbà mí gbọ́, mo fẹ́ parọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí Màmá Ràfíà wọlé, ojú rẹ̀ ni mo wò, mo sì sọ gbogbo rẹ̀: ojúlówó ni, Jámánì ló ni ín, mo rí i, ó sì ní Bàbá Sójà wà lẹ́nu ọ̀nà.

Inú Alájì dùn. "A jẹ́ pé Bàbá pa á. Ìjà ló jà, kì í ṣe ọ̀dùnkún."

"Báàjì kì í sọ bó ṣe kúrò láyà ẹnìkan, Alájì," ni mo wí. " Ó lè jẹ́ pé sìgá ló fi rà á."

Màmá Ràfíà gbé àpótí ìjókòó mi, ó gbé e síta sínú oòrùn, ó ní, "Bàbá, ẹ jókòó." Lẹ́yìn náà ó padà wọlé, ó rọra sọ ọ́ sí mi létí: "Èyí tó bá mi sunkún ńkọ́? Ṣé kí n lé e ni?"

Ìbéèrè yẹn kò sí nínú ìwé tí mo kà.

Ó fi báàjì náà sílẹ̀ lórí tábìlì mi. Alájì bínú títí, ṣùgbọ́n sìmẹ́ńtì gbẹ láìsí nǹkan kan lórí rẹ̀. Ní ọjọ́ sàráà, Màmá Ràfíà gbé àwo méjì kalẹ̀, ọ̀kan nínú yàrá, ọ̀kan lẹ́nu ọ̀nà. Ó pè mí lórí fóònù ní ọjọ́ kejì, ohùn rẹ̀ kò yọ. Oúnjẹ inú àwo méjèèjì wà bí ó ṣe gbé wọn sí. Ó wá gbogbo ilé, bóyá fìlà, bóyá bàtà. Kò rí ohun kan tí ó jẹ́ ti Bàbá rẹ̀. Ó ń wá a títí di báyìí.

Ọmọ Jámánì náà ńkọ́? Ọ̀dọ̀ mi ló wà. Bí iná bá ti lọ lọ́sàn-án, ó ti jókòó nìyẹn. Ebi ń pa á, ó sì ní èmi ni mo sọ òun di àlejò. Ọ̀gá kan ní Kútọnu fẹ́ ra báàjì náà, ṣùgbọ́n àlejò mi kò fẹ́ lọ. Ó ní wọn kì í gbé àkàsà sínú yàrá àlejò.

Nítorí náà, ẹ má gbé mẹ́dáì bàbá yín wá bá mi mọ́. Àti èyí, kí ẹ sì mú un dání: bí ẹ bá pe òkú yín, tí ẹnìkan sì dáhùn, ẹ gbé oúnjẹ fún un, ẹ má bi í ta ni. Èmi bi í. Mo ń ra àkàsà lójoojúmọ́ báyìí, n kò sì mọ orúkọ tí mo lè fi pè é.